Ta Ni Ó Ni Ìtàn Ọmọ?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́, tí n kò sì tí ì rí ibi tí mo lè sọ ọ́ sí bí kò ṣe inú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kà á ni yóò di olùkọ́ ní ọjọ́ iwájú. Àwọn mìíràn nínú yín sì ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama báyìí láti fi iṣẹ́ náà dánra wò. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ti jìn sí kòtò náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí. Nígbà tí olùkọ́ bá sọ fún ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé, 'Mú ìwé rẹ, kọ ẹni tí o jẹ́ fún mi,' ẹ̀tọ́ wo ni olùkọ́ náà ní láti béèrè bẹ́ẹ̀? Nígbà tí ọmọ náà bá sì kọ ọ́ tán, ta ni ó ni ohun tí ó kọ? Ṣé ti ọmọ náà ni? Ṣé ti olùkọ́ tí ó yan iṣẹ́ ni? Tàbí ti ìyá àti bàbá tí wọ́n wà nínú ìtàn náà, tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè?

Ní ọdún 2006, mo jẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. N kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, n kò sì ní dárúkọ ìlú, nítorí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ṣì wà láàyè. Ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà, ara mi sì ń yá gágá sí iṣẹ́. Ohun kan ni ó ń bí mi nínú: gbogbo àròkọ tí àwọn ọmọ ń kọ fún mi, ọ̀kan náà ni. Bí mo bá ní kí wọ́n kọ nípa ọjọ́ kan tí wọn kò lè gbàgbé láéláé, èyí yóò kọ ọ́ pé ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan dànù lójú títì, èkejì rẹ̀ yóò kọ ọ́ pé àwọn ọlọ́ṣà dá àwọn lọ́nà. Inú àwọn ìwé àwòkọ tí wọ́n ń tà lọ́jà ni gbogbo wọn ti há a sórí. Ọmọ tí kò kúrò nílùú rí yóò kọ bí ọkọ̀ òfurufú ti gbé òun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ kú ní oṣù tí ó ṣáájú, tí gbogbo wa lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, jókòó, ó kọ ìtàn bọ́ọ̀sì tí ó dànù. Mo bi ara mi pé irú ẹ̀kọ́ wo ni èyí. Ọjọ́ tí ọmọ náà kò lè gbàgbé dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n a ti kọ́ ọ pé kì í ṣe irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni à ń kọ sínú ìwé.

Mo wá pinnu pé n óò tú wọn sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n pa ìwé àwòkọ tì, kí olúkúlùkù lọ sílé, kí ó bi àwọn àgbà léèrè bí òun ti ṣe gba orúkọ tí òun ń jẹ́ àti oríkì tí a fi ń ki àwọn ará ilé òun, kí ó sì wá kọ ohun tí ó bá gbọ́. 'Orúkọ mi àti ilé mi' ni mo pe àkọlé iṣẹ́ náà. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀. Mo rò pé mo ti rí ọ̀nà tí ọmọ yóò gbà mọ ara rẹ̀, tí yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ṣe é dáadáa. Ọmọ Ọ̀pọ́múléró mú oríkì tirẹ̀ wá, ọmọ Oníkòyí mú tirẹ̀ wá. Àwọn tí kì í fẹ́ kọ ju ìlà mẹ́wàá lọ tẹ́lẹ̀ ń béèrè tákàdá sí i.

Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì náà tí bàbá rẹ̀ ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ọmọ Ìgbò ni wọ́n, ìlú wa ni a sì ti bí ọmọ náà. Bí ó bá ń sọ Yorùbá lẹ́yìn ògiri, ẹ kò ní mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ onílùú. Ojú ìwé kan péré ni ó kọ. Ó ní bí òun bá wà níbí, wọ́n a máa pe òun ní Òkóró. Bí òun bá sì bá bàbá òun lọ sí ìlú wọn nígbà Kérésìmesì, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá òun a máa pe òun ní ọmọ Yorùbá. Ó ní òun kò ní oríkì, òun kò sì mọ ẹni tí òun lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbólóhùn tí ó fi parí iṣẹ́ rẹ̀ ni pé inú ọkọ̀ tí ó ń gbé àwọn lọ, tí ó sì ń gbé àwọn bọ̀, ni òun ti máa ń jẹ́ ara òun. Mo fún un ní 7 nínú 20. Mo fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, 'Kò sí oríkì. Iṣẹ́ kò pé.'

Ọmọbìnrin kan sì wà tí kì í fọhùn ní kíláàsì. Ojú ìwé márùn-ún ni ó kọ. Ó kọ ọ́ pé orúkọ bàbá tí òun ń jẹ́ nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, orúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá òun ni. Ó ní bí ó bá ku òun àti ìyá àgbà nìkan ní ilé ìdáná, ìyá àgbà a máa fi oríkì kan ki òun tí kì í ṣe oríkì ilé náà. Bí ẹlòmíràn bá sì ti wọlé, á dákẹ́. Ó kọ nípa ọkùnrin kan tí ó máa ń wá ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá àgbà ní gbogbo ọjọ́ ọjà, tí kì í dúró gba ṣéńjì. Ó ní ọkùnrin náà kì í wo ojú òun, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ rí bí etí òun gẹ́lẹ́. Ní ìparí, ó ní òun kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Òun kàn fẹ́ mọ oríkì tí òun yóò fi ki ọmọ òun, bí òun bá bímọ lọ́jọ́ kan.

Mo ka àròkọ náà lẹ́ẹ̀mẹta ní alẹ́ ọjọ́ náà, omi sì bọ́ lójú mi. Mo fún un ní 18 nínú 20. Ká ní mo dúró níbẹ̀ ni, ìbá sàn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a ń fún àwọn ọmọ ní ẹ̀bùn kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ní kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan mú iṣẹ́ ọmọ kan tí ó dára wá, kí a kà á sí etí ìgbọ́ àwọn òbí. Mo bi ọmọ náà bóyá mo lè ka tirẹ̀. Ó wolẹ̀, ó ní, 'Bí ẹ bá fẹ́, sà.' Mo ka èyí sí ìyọ̀ǹda. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọmọ wo ni ó lè sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé rárá? Mo kà á. N kò dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú kékeré ni ìlú náà. Ta ni kò mọ ìyá alákàrà? Kí n tó ka ojú ìwé kẹta tán, gbogbo orí ti ń yí sí ọ̀nà kan náà.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá ọmọ náà wá. Kò pariwo. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn olùkọ́, ó kọ̀, kò jókòó. Ó ní, 'Tíṣà, ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Kí ọmọ mi lè rí orúkọ jẹ́ láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ṣe bò ó. Ẹ̀yin fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣí i, ẹ sì ní ẹ̀kọ́ ni ẹ ń kọ́ ọ.' Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, kí ọmọ òun má baà rí olùkọ́ rẹ̀ nílẹ̀. Bí sáà ẹ̀kọ́ náà ti parí, wọ́n mú ọmọ náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ní ìlú mìíràn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn. Ohun tí mo rò ni n óò wá sọ fún yín.

Olùkọ́ kan tí ó jù mí lọ, tí a jọ wà ní ilé ẹ̀kọ́ náà, bá mi wí ní ọjọ́ náà. Ó ní, 'Kí ni ó gbé ọ dé ilé onílé? Kọ́ wọn ní ohun tí ìdánwò ń fẹ́: àròkọ oníròyìn, àròkọ aṣàpèjúwe, àròkọ alárìíyànjiyàn, àti bí a ti ń kọ lẹ́tà. Fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn òbí wọn.' Ọgbọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò ní ṣe aláìgbà. Ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣe ìdánwò fún àwọn ọmọ wa, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1952, kò bi ọmọ kankan léèrè ẹni tí ó bí i. Ẹni tí ó ń ka iṣẹ́ ọmọ kò mọ ọmọ, ọmọ kò sì mọ̀ ọ́n. Ààbò ni èyí. Bọ́ọ̀sì tí ó dànù náà kò tí ì ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi.

Ṣùgbọ́n n kò lè gba ọ̀rọ̀ náà tán. Ẹ jẹ́ kí a wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin irọ́ àti ìtàn àròsọ. Ẹni tí ó ń purọ́ ń fẹ́ kí á gbà á gbọ́ kí ó lè tàn wá jẹ. Ẹni tí ó ń pa àlọ́ kò tan ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ti ní 'Àlọ́ o,' tí a sì dáhùn pé 'Àlọ̀,' a ti jọ mọ̀ pé ìjàpá kò lọ sí òde àna rẹ̀ ní tòótọ́, síbẹ̀ a ń wá òtítọ́ kan nínú ìrìn àjò rẹ̀. Bọ́ọ̀sì inú ìwé àwòkọ kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ọmọ kò fi tan wá jẹ, nítorí pé a mọ̀ pé ó há a sórí ni; kò sì sí òtítọ́ kankan tí òun tàbí àwa ń wá nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò ní olúwa ni. Bí a bá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà láti máa kọ ọ̀rọ̀ tí kò ní olúwa, tí a sì ń fún un ní máàkì lé e lórí, kí ni a kọ́ ọ? A kọ́ ọ pé ayé tirẹ̀ kò tó ohun tí à ń kọ sílẹ̀.

Ẹ sì má gbàgbé pé ọ̀rọ̀ èdè wà nínú rẹ̀. Mo ti bi olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì wọn pé báwo ni ọmọbìnrin náà ti ń kọ àròkọ fún òun. Ó ní ọmọ náà kò mọ nǹkan kọ. Ọmọ tí ó kọ ojú ìwé márùn-ún fún mi! Kò yà mí lẹ́nu púpọ̀. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí dán an wò, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún odidi ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàrin àwọn yòókù. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ ta àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ. Ọmọ a máa ronú dáadáa ní èdè tí ìyá àgbà rẹ̀ fi ń ki í. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: èdè tí ó ṣí ọmọ náà lẹ́nu, òun náà ni èdè tí gbogbo ìlú gbọ́. Ká ní Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́ ni, bóyá ìdajì àwọn tí ó jókòó ní ọjọ́ náà kò ní mọ ohun tí mo ń kà. Èdè tí ó súnmọ́ ọkàn jù, òun ni ó lè ṣe ọkàn léṣe jù.

Àwọn mìíràn yóò tún sọ pé àṣà òyìnbó ni kí ọmọdé máa kọ ìtàn ara rẹ̀ fún ará ìta; pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń sọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn bàbá wa fún ọmọdé láyè láti sọ tinú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í rán an jáde ní ìhòòhò. Ẹ wo ẹkún ìyàwó ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní ọjọ́ tí ọmọbìnrin bá ń lọ sí ilé ọkọ, yóò dúró níwájú bàbá àti ìyá rẹ̀, yóò sun ẹkún, yóò sì sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀: ẹ̀rù ilé tí ó ń lọ, ohun tí wọ́n ṣe fún un àti ohun tí wọn kò ṣe. Àwọn àgbà obìnrin ti kọ́ ọ ṣáájú. Ó mọ bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ àti bí a ti ń gba àdúrà. Nínú ohun tí gbogbo ìyàwó ń sun ni yóò ti fi tirẹ̀ sí i. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bà yóò mọ̀ pé òun ni ó ń bá wí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò dá a dúró pé kí ni ìwọ sọ yẹn, nítorí pé ìyàwó ni ó ń sunkún. Bákan náà ni ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń ṣe lóru ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ìhà Kétu. Ẹni tí ó wà lábẹ́ aṣọ lè sọ ti olówó àti ti ìjòyè. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ni a gbọ́ ọ.

Ohun tí mo gbàgbé nìyẹn. Mo ní kí ọmọ mú òtítọ́ wá, n kò fún un ní aṣọ. Mo ní kí ó kọ 'èmi,' kí 'èmi' náà sì jẹ́ òun gan-an, pẹ̀lú orúkọ, pẹ̀lú ilé, pẹ̀lú ojúbọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ ìtàn àròsọ ní èdè wa mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 1929 dé ọdún 1930, I. B. Thomas ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Obìnrin náà ní Ṣẹ̀gilọlá ni òun ń jẹ́. Ó ń sọ bí òun ti lo ayé òun pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, àti bí àìsàn ti dá òun gúnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ó wà láàyè, àánú rẹ̀ sì ṣe wọ́n. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́. Ọkùnrin ni ó wọ aṣọ 'èmi' obìnrin, ó sì fi aṣọ náà sọ ohun púpọ̀ nípa Èkó tí kò sí ẹni tí yóò fi orúkọ ara rẹ̀ sọ.

Nígbà náà, ṣé kí a sọ fún ọmọ pé kí ó máa fi aṣọ bo ara rẹ̀ nígbà gbogbo ni? Mo rò bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé ewu wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá sọ ìtàn ara rẹ̀, ẹlòmíràn yóò bá a sọ ọ́. Ẹ wo Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn, tí wọ́n pa ní ọdún 1874. Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n láti inú eré oníṣe tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí ó jáde ní ọdún 1970. Eré náà dùn, ó sì jinlẹ̀. Ìkà obìnrin tí ń pa ẹrú ni Ẹfúnṣetán inú rẹ̀. Ìgbà tí àwọn onímọ̀ ìtàn bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ kọ nípa rẹ̀, nínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1992, ni ọ̀pọ̀ wa tó mọ̀ nípa oníṣòwò ńlá tí ó fi ohun ìjà ran àwọn ológun lọ́wọ́, tí ó sì ní èdè-àìyédè pẹ̀lú Ààrẹ Látòósà nítorí ọ̀rọ̀ ogun. N kò dá òǹkọ̀wé lẹ́bi. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n Ẹfúnṣetán kò kọ ìlà kan sílẹ̀. Ọmọ alákàrà náà ńkọ́? Ìlú ti ń sọ ìtàn rẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kí a tó bí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ni ọjọ́ tí ó kọ ọ́ fún mi. Ṣé kí n sọ pé kí ó má ṣe sọ ọ́ ni? Ọmọ Ìgbò yẹn ńkọ́, ẹni tí ó sọ òótọ́ tí ó dá yàtọ̀ jù lọ ní kíláàsì náà, tí èmi sì ní iṣẹ́ rẹ̀ kò pé? Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ní ilé méjì, tí ilé méjèèjì sì ń tì í síta, ojú wo ni a óò fi wò ó? Mo rò pé mo ń kọ́ àwọn ọmọ láti mọ ara wọn, ó sì jẹ́ pé mo ti mọ ìdáhùn tí mo fẹ́ kí wọ́n mú wá kí wọ́n tó kúrò ní kíláàsì.

Nítorí náà, ìpinnu tí mo ti ṣe fún ara mi nìyí. Ẹ gbé e yẹ̀ wò.

Èkíní, olùkọ́ lè ṣí ilẹ̀kùn, kò gbọdọ̀ ti ọmọ gba inú rẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ tí mo bá yàn nísinsìnyí, ọ̀nà méjì ni mo ń fi sílẹ̀: ọmọ lè kọ 'èmi' tí ó jẹ́ òun, ó sì lè kọ 'èmi' tí kì í ṣe òun. Kò ní sọ èyí tí ó jẹ́ fún mi, n kò sì ní béèrè.

Èkejì, máàkì kò gbọdọ̀ dé orí ayé ọmọ. Bí gbólóhùn bá gún, bí ìtàn bá ní orí àti ìdí, bí ọ̀rọ̀ bá bọ́ sí ibi tí ó yẹ, ìwọ̀nyí ni mo lè fi bírò pupa wọ̀n. Ọmọ ni a kò lè wọ̀n. Bí mo bá rí iṣẹ́ ọmọ tí ó ní inú ọkọ̀ ni òun ti máa ń jẹ́ ara òun lónìí, n óò mọ̀ pé oríkì ni ó fi gbólóhùn náà kọ́, àti pé òun ni ẹni kìíní tí ó ki ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ọmọ kò ní kọ́kọ́ kọ ìtàn tirẹ̀ bí olùkọ́ kò bá kọ tirẹ̀. Nígbà tí mo gbìyànjú láti kọ nípa bàbá mi sí iwájú kíláàsì, ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo pa ìlà mẹ́ta rẹ́. Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí mo ti ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ̀kẹrin, ìyọ̀ǹda ọmọ kò tó fún kíkà síta, pàápàá nígbà tí ẹni tí ó ń tọrọ rẹ̀ bá jẹ́ ẹni tí ó ni máàkì lọ́wọ́. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003 sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀ àti ti ilé rẹ̀. N kò mọ̀ nípa òfin náà ní ọdún 2006. Ṣùgbọ́n ṣé òfin ni ó yẹ kí ó kọ́ mi ní ohun tí ojú àánú lè kọ́ mi?

Àmọ́ ibì kan wà tí ìdákẹ́jẹ́ olùkọ́ gbọ́dọ̀ dópin. Bí ọmọ bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹnì kan ń lù òun ní àlùbolẹ̀, tàbí pé ẹnì kan ń fi ọwọ́ kan òun ní ọ̀nà tí kò tọ́, olùkọ́ tí ó bá pa ìwé náà dé, tí ó ní àṣírí ni, ti di ọ̀rẹ́ ìkà. Òfin kan náà ni ó ní ire ọmọ ni kí a kọ́kọ́ wò nínú ohun gbogbo. Níbẹ̀, ẹni tí ó lè gba ọmọ sílẹ̀ ni kí olùkọ́ lọ bá, kí ó má sì sọ ọ́ fún ìlú. Ẹ rí i pé iṣẹ́ yìí kò rọrùn. Ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò lè lọ sílé, kí ó sùn. Ẹni tí ó ní kí ọmọ kọ ẹni tí ó jẹ́ ti gba nǹkan kan pa mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí ó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2019, mo wà ní ibùdókọ̀ kan ní Ìbàdàn, mo ń dúró de ọkọ̀, nígbà tí obìnrin kan tí ó pọn ọmọ kúnlẹ̀ kí mi. N kò dá a mọ̀ títí ó fi dárúkọ ara rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí tọrọ àforíjì. Ó ní kí n má ṣe é mọ́. Ó ní, 'Sà, kì í ṣe pé mo kọ ọ́ ni ó dùn mí. N kò kábàámọ̀ pé mo kọ ọ́. Màmá mi ni mo ń kọ ọ́ sí. Ohun tí ó dùn mí ni pé gbogbo èèyàn gbọ́ ọ kí wọ́n tó gbọ́.'

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, fún ọdún mẹ́tàlá ni mo fi ń rò pé ìbéèrè náà ni ta ni ó ni ìtàn ọmọ. Ọmọ náà ti mọ̀ pé òun ni òun ni ín. Ohun tí ó ń wá ni ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó fi olùkọ́ ṣe ọ̀nà, olùkọ́ sì fi ara rẹ̀ ṣe ibi tí ọ̀nà parí sí. Ká ní mo ti bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní alẹ́ tí mo sunkún lé ìwé rẹ̀ lórí pé, 'Ta ni o fẹ́ kí ó ka èyí?' ìbá ti sọ fún mi.

Ìwé rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ tí a pàdé. Mo gba nọ́ńbà rẹ̀, mo sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí i ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú máàkì 18 tí mo fi bírò pupa kọ sí orí rẹ̀. Ó wù mí kí n pa máàkì náà rẹ́ kí n tó fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n n kò pa á rẹ́. Ohun tí mo ṣe ni. Kí ó wà níbẹ̀.